Ìṣirò Ọ̀la nínú Àbá Òfin: Àgbéyẹ̀wò Òfin Owó-Orí Amẹ́ríkà ti Ọdún 2017

1. Ìfáàrà

Iṣẹ́ yìí dá lé ìlànà tí àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé fi ń díwọ̀n ohun tí àbá òfin lè ṣe sí àpapọ̀ ìpèsè orílẹ̀-èdè. Àpẹẹrẹ tí ó gbé yẹ̀ wò ni òfin tí ó dín owó-orí kù ní Amẹ́ríkà, èyí tí Ààrẹ Donald Trump fọwọ́ sí ní ọjọ́ 22 oṣù Kejìlá ọdún 2017. Kókó rẹ̀ ni pé iye tí ìṣirò bá gbé jáde kò lè lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju ìpìlẹ̀ tí wọ́n gbé e lé lọ.

2. Ohun tí Ìṣirò Wí

Ìgbìmọ̀ Alájùmọ̀ṣe Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì lórí Owó-Orí sọ pé ìpèsè yóò fi ìdá 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ní ìpíndọ́gba, láàárín ọdún mẹ́wàá. Ní ti Penn Wharton Budget Model, ìdá 0.6 sí 1.1 ni yóò jẹ́ ní ọdún 2027. Tax Foundation ní ìdá 1.7 ni, bí ó bá pẹ́ títí.

Òfin kan náà ni gbogbo wọn ń ṣírò. Ìyàtọ̀ wọn kò ti inú àṣìṣe wá. Inú ohun tí oníkálukú gbà ṣáájú ìṣirò ni ó ti wá. Ǹjẹ́ òṣìṣẹ́ yóò ṣiṣẹ́ sí i bí owó-orí rẹ̀ bá dín kù? Ǹjẹ́ owó tí ìjọba yóò yá kò ní mú kí èlé ga, kí ó sì lé oníṣòwò kúrò nídìí ìdókòwò? Tax Foundation gbà pé owó òkèèrè yóò wọlé tó láti dí àlàfo náà. Àwọn yòókù kò gbà bẹ́ẹ̀ tán.

3. Àléébù Méjì

Èkíní: ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá náà, Ilé-Iṣẹ́ Ìṣúná Amẹ́ríkà gbé ìwé olójú-ewé kan jáde. Ìdàgbàsókè ìdá 2.9 lọ́dún ni ó fi ṣe ìpìlẹ̀, àwọn ètò ìjọba mìíràn sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ó yẹ kí ìṣirò fi hàn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìṣirò.

Èkejì: ìṣirò Ìgbìmọ̀ Alájùmọ̀ṣe lórí àbá tí ilé méjèèjì fẹnu kò sí jáde ní ọjọ́ 22; ìdìbò sì ti parí ní ọjọ́ 20. Lóòótọ́, ọ̀kan ti jáde ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá lórí ẹ̀dà ti Ilé Aṣòfin Àgbà, ṣùgbọ́n ẹ̀dà yẹn kọ́ ni ó di òfin.

4. Ìgúnlẹ̀

Èyí kò sọ ìṣirò di asán. Àwọn kan ní òfin náà yóò san gbèsè ara rẹ̀. Ìgbìmọ̀ Alájùmọ̀ṣe fi hàn pé, pẹ̀lú ìdàgbàsókè náà, àdánù ìjọba yóò dín kù láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 1,456 dọ́là sí 1,071. Tax Foundation tí ìrètí rẹ̀ pọ̀ jù pàápàá rí àdánù bílíọ̀nù 448. Níbi tí ìpìlẹ̀ ti yàtọ̀ tí ìdáhùn sì ṣọ̀kan, ibẹ̀ ni aṣòfin lè fẹ̀yìn tì.

Àwọn àgbà ní bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ni ó mú kí babaláwo máa dífá ọrọọrún. Kì í ṣe àìgba ifá gbọ́ ni ó ń dá a padà sídìí ọpọ́n. Bákan náà ni ó yẹ kí iye kọ̀ọ̀kan dé iwájú aṣòfin pẹ̀lú ìpìlẹ̀ rẹ̀ àti ààlà rẹ̀, kí wọ́n tó dìbò.