Ta Ló Ni Orúkọ Odò? Àgbéyẹ̀wò Ìwé Landmarks

Nínú èdè Gaelic ti Scotland, ọ̀rọ̀ kan wà tó ń jẹ́ caochan. Ara caoch, ìyẹn afọ́jú, ló ti jáde. Odò tín-ín-rín tó ń ṣàn lábẹ́ koríko títí ojú ò fi ní rí i mọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń da ẹran lórí ilẹ̀ irà, tẹ́ ò mọ ibi tó wà, ẹsẹ̀ yín ló máa kọ́kọ́ rí i.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni Robert Macfarlane kó jọ sínú Landmarks, tó jáde lọ́dún 2015. Ìwé náà dára, mi ò ní purọ́. Apá tó dá lórí erékùṣù Lewis ló wọ̀ mí lára jù. Lọ́dún 2004, wọ́n fẹ́ gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ 234 sórí ilẹ̀ irà ibẹ̀ láti fi pèsè iná mànàmáná. Àwọn tó fara mọ́ ọn ń sọ̀rọ̀ bíi pé ilẹ̀ òfìfo ni. Làwọn ará Lewis bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó ọ̀rọ̀ àti orúkọ ilẹ̀ náà jọ, kí ayé lè mọ̀ pé èèyàn ti ń gbé ayé wọn níbẹ̀ tipẹ́. Lọ́dún 2008, ìjọba Scotland ní àwọn ò gbà. Àmọ́ ká má tan ara wa: òfin tó ń dáàbò bo àwọn ẹyẹ ni ìjọba gùn lé. Orúkọ nìkan kọ́ ló gba ilẹ̀ náà là.

Ibi témi àti Macfarlane ti pínyà ni bó ṣe to àwọn ọ̀rọ̀ náà. Ti omi lọ́tọ̀, ti òkè lọ́tọ̀, ti igbó lọ́tọ̀. Ó wuni lójú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ ti filé sílẹ̀. A mọ ohun tí caochan jẹ́. A ò mọ caochan wo, a ò sì mọ ẹni tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ wo lag, tó túmọ̀ sí kòtò. Ní erékùṣù Islay, Lag a' Mhuilinn wà, kòtò ilé ọlọ. Wọ́n kọ ọ́ bí ẹní ń kọ Gẹ̀ẹ́sì, ó di Lagavulin, ó sì wà lára ìgò wisikí káàkiri ayé. Mélòó nínú àwọn tó ń mu ún ló mọ̀ pé kòtò ni, tàbí pé wọ́n ń lọ nǹkan níbẹ̀ rí?

Èmi tí mò ń kọ sọ́fítíwià, mo mọ̀ pé àpótí tá a kọ orúkọ sí kì í ṣe ohun kékeré. Lórí OpenStreetMap, "name" ni orúkọ gbogbogbòò; "name:gd" wà fún Gaelic. Tí Gaelic bá wà nínú èkejì nìkan, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n béèrè ló máa rí i. Síbẹ̀, àpótí yẹn ní ohun tí ìwé Macfarlane ò ní: ó so orúkọ mọ́ ojú ibi kan pàtó.

Ohun tó kù ni ohùn. Àwọn àgbà tó mọ kòtò tí màlúù máa ń sá sí nígbà òjò ń dàgbà sí i. Tí wọ́n bá lọ láìjẹ́ pé ẹnì kan bá wọn rìn débẹ̀, kó gba ohùn wọn sílẹ̀, kó sì kọ ìdí orúkọ náà, ìlà búlúù lásán ló máa kù lórí máàpù. Ẹ ka Landmarks. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá parí ẹ̀, ẹ wá ẹni tó mọ odò yẹn lọ.