Pupa tí Kò Sí: Àgbéyẹ̀wò Fótò Ìgboro Akínbọ̀dé Akínbíyì

Àwọ̀ mẹ́ta ni ó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè Yorùbá: dúdú, funfun àti pupa. Akínbọ̀dé Akínbíyì, tí a bí sí Oxford ní 1946, tí ó kàwé ní Ìbàdàn, tí ó sì fi Berlin ṣe ibùgbé, ti yọ ẹ̀kẹta kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀. Dúdú àti funfun ni ó fi ń ya ìgboro Èkó, Kàírò, Kinshasa àti Johannesburg, ẹsẹ̀ ni ó sì fi ń rìn wọ́n. Ẹ̀bùn Hannah Höch tí a fi dá a lọ́lá ní Berlin ní 2024 mú kí ó yẹ kí á béèrè ohun tí àìsí pupa ṣe fún iṣẹ́ náà.

Ní Bar Beach, èrè ni. Nínú ọ̀wọ́ àwòrán tí ó pè ní Sea Never Dry, a rí àwọn aládùúrà nínú sùtànà létí òkun. Fíìmù kò bu nǹkan kan kù nínú aṣọ wọn. Iyanrìn àti ìfófòó omi gan-an ni ó wá di ìbátan aṣọ náà. Láti nǹkan bí 2009 ni a ti ń kó iyanrìn dí òkun níbẹ̀ nítorí ìlú tuntun Eko Atlantic. Etíkun tí a mọ̀ kò sí mọ́. Inú àwòrán ni ó kù sí.

Ti títì kò rí bẹ́ẹ̀. Pupa rúsúrúsú ni dáńfó Èkó. Nínú fótò, ó di aláwọ̀ eérú. Lójú tiwa, àdánù ni, nítorí ariwo Èkó wà nínú àwọ̀ yẹn. Síbẹ̀, òǹwòran tí ó mọ Èkó ni yóò dá a padà. (Akẹ́kọ̀ọ́ mi kan búra pé yẹ́lò ni òun rí. Fótò dúdú òun funfun ni ó mú lọ́wọ́!) Ẹni tí kò dé Èkó rí kò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ lásán ni yóò rí.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ fojú fò ni kámẹ́rà náà, Rolleiflex olójú méjì. A kì í gbé e sójú bí ọdẹ tí ń wo ẹran. Iwájú àyà ni ó máa ń wà, ayàwòrán a sì tẹ orí ba kí ó tó lè rí ohun tí ó wà níwájú rẹ̀. Fíìmù kan kò sì gbà ju àwòrán 12 lọ. Bóyá ìdí nìyí tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí ẹni tí ó fajú ro nínú àwọn fótò wọ̀nyí: ẹni tí ó dúró níwájú wọn kò ranjú mọ́ wọn.