«Dá dúró» nínú ẹ̀kọ́ ìṣàkóso òṣìṣẹ́

Ẹni tó ń múra ìdánwò ìṣàkóso òṣìṣẹ́, irú èyí tí CIPM ń ṣe ní Nàìjíríà, gbọ́dọ̀ mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun tí Faransé ń pè ní suspension, tí àdéhùn iṣẹ́ ṣì wà, àti licenciement, tó fòpin sí i. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti 1998 náà yà wọ́n sọ́tọ̀.

Yorùbá tí a fi ń túmọ̀ wọn ni mo lòdì sí. «Wọ́n dá a dúró» ń jẹ́ méjèèjì, torí kò sọ bóyá ìdúró náà lópin. «Wọ́n lé e» kò sàn jù: ó ti dá òṣìṣẹ́ lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ òfin mọ licenciement tí ọ̀rọ̀ ajé fà, láìṣẹ̀.

Ní Adja-Ouèrè, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì wà ní Massè, ẹni tó gbọ́ «dá dúró» lè pa dà sóko, kí wọ́n sì kà á sí ẹni tó kọ iṣẹ́ sílẹ̀. Mo dábàá «dá dúró fúngbà díẹ̀» àti «fòpin sí àdéhùn iṣẹ́». Wọ́n gùn, ṣùgbọ́n wọn kò ní ṣi òṣìṣẹ́ lọ́nà.