Johnson: Ọ̀rọ̀ Lórí Orúkọ Ìdílé Kan

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò ṣòro láti lóye níbi tí baba, ìyá àti àwọn àgbà agbo ilé bá ti péjọ ní ọjọ́ kẹjọ láti fún ọmọ titun ní orúkọ. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wí nípa orúkọ tí a kò wo ilé kankan kí a tó sọ ọ́, tí ó sì wá di orúkọ ilé? Irú wọn pọ̀ láàrin wa: Williams, Cole, Davies, Thomas, Macaulay. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò, èyíinì ni Johnson. Mo yàn án nítorí pé òun ni ó wà lára èèpo ìwé ìtàn Yorùbá tí àwọn olùkọ́ mọ̀ jùlọ, èyí tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí a sì tẹ̀ jáde ní 1921. Ó yẹ kí ẹni tí ó ń ka ìtàn àwọn Aláàfin béèrè bí ó ti ṣe jẹ́ pé ọmọ John ni ó ń sọ ọ́ fún wa.

Ìtumọ̀ orúkọ náà kò farasin. Son ni ọmọkùnrin ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí náà Johnson ni ọmọ John. John sì ni ẹni tí àwa ń pè ní Jòhánù nínú Bíbélì wa. Èdè Hébérù ni ó ti ṣẹ̀ wá, níbi tí a ti ń pè é ní Yohanan, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé Olúwa ṣe oore-ọ̀fẹ́. Àwọn Gíríìkì sọ ọ́ di Ioannes, àwọn ará Róòmù sọ ọ́ di Iohannes, ó gba ẹnu àwọn Faransé kọjá, ó sì di John ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí a bá fẹ́ wá ojúgbà rẹ̀ láàrin orúkọ tiwa, Oreolúwa kò jìnnà sí i.

Ẹni tí ó bá ti ka Ìhìnrere Lúùkù yóò rántí pé nígbà tí a fẹ́ sọ ọmọ Sakaráyà ní Jòhánù, àwọn aládùúgbò àti àwọn ìbátan ṣe àtakò, nítorí pé kò sí ẹnìkan nínú ará ilé wọn tí ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn náà ń wo ilé kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Ìgbà tí baba béèrè wàláà, tí ó sì kọ orúkọ náà sílẹ̀, ni àríyànjiyàn tó parí. Kí olùkàwé fi kíkọ sílẹ̀ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níwájú.

Ní ayé àtijọ́, àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá kò ní orúkọ ìdílé. Bí John bá bí William, William Johnson ni a ó máa pè é. Bí William yìí bá sì bí Henry, Henry Williamson ni tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní pè é ní Johnson mọ́. Orúkọ baba ń yí padà láti ìran dé ìran. Lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní 1066 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sójú kan, láàrin àwọn onílẹ̀ ńláńlá ní àkọ́kọ́, àti lẹ́yìn náà láàrin àwọn mẹ̀kúnnù. Ilẹ̀ jíjogún àti owó orí wà lára ohun tí ó fà á, nítorí pé ọba kò lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń yí padà. Ní 1538, Thomas Cromwell, ìránṣẹ́ Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tí a ó máa kọ ìsàmì, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sí. Ìwé bẹ́ẹ̀ mú kí orúkọ ìdílé fìdí múlẹ̀ sí i.

Oríṣi mẹ́rin ni orúkọ wọ̀nyí pín sí. Àwọn kan ti ara iṣẹ́ wá, gẹ́gẹ́ bí Smith, tí í ṣe alágbẹ̀dẹ, àti Crowther, tí í ṣe ẹni tí ń ta ohun èlò orin olókùn. Ó jọ bí a ti ń fi Àyàn mọ ọmọ onílù àti Ọ̀jẹ̀ mọ ọmọ eléégún. Àwọn kan ti ara ibùgbé wá, gẹ́gẹ́ bí Hill, tí í ṣe òkè. Àwọn kan ti ara ìrísí wá, gẹ́gẹ́ bí Brown, tí a fi àwọ̀ ara tàbí irun pè. Àwọn ìyókù ti ara baba wá, nínú èyí tí Johnson wà.

Wàyí o, báwo ni ó ti tàn ká? Apá àríwá àti ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ará Denmark ti tẹ̀dó láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé sẹ́yìn, ni wọ́n ti fẹ́ràn láti máa fi son sí ìparí orúkọ. Àwọn ará Wales kì í sábà ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Jones tí ó kún ilẹ̀ wọn, ọmọ John náà ni. Ní Ireland, àwọn kan tí a ń pè ní ọmọ Seán ní èdè tiwọn yí i padà sí Johnson. Johnston ti Scotland sì jọ ọ́ lójú, ṣùgbọ́n orúkọ ìletò ni, kì í ṣe orúkọ baba. Nígbà tí àwọn ará Sweden tí ń jẹ́ Johansson ṣí lọ sí Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn di Johnson. Àwọn ènìyàn dúdú tí a dá sílẹ̀ kúrò lóko ẹrú níbẹ̀ ní 1865 pẹ̀lú ń jẹ́ ẹ. Nínú ìkànìyàn Amẹ́ríkà ti 2010, àwọn Johnson jẹ́ 1,932,812. Smith nìkan ni ó pọ̀ jù wọ́n lọ, àwọn aláwọ̀ dúdú sì lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta wọn. Nítorí náà, bí Johnson méjì bá pàdé lọ́nà, wọn kò lè fi orúkọ yìí nìkan bá ara wọn tan.

Ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa yàtọ̀ sí gbogbo ìwọ̀nyí. Lẹ́yìn tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú ní 1807, àwọn ọkọ̀ ogun wọn ń mú ọkọ̀ ẹrú lójú òkun, wọ́n sì ń sọ àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ kalẹ̀ ní Sàró. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti gba orúkọ titun nígbà ìsàmì tàbí ní ilé-ẹ̀kọ́. A fi orúkọ àlùfáà pe àwọn kan, a sì fi ti àwọn onínúure ìlú òyìnbó pe àwọn mìíràn. Orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ndọ̀nù ni Àjàyí gbà ní 1825 tí ó fi di Samuel Crowther. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí Àjàyí, orúkọ àmútọ̀runwá rẹ̀, ṣègbé, a sì ń pè é bẹ́ẹ̀ di òní. Láàrin àwọn tí a sọ kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọmọ Ọ̀yọ́ kan wà, Erugunjinmi ni orúkọ rẹ̀, ọmọ-ọmọ Aláàfin Abíọ́dún sì ni. Ní Sàró ni ó ti di Henry Johnson. Ìletò Hastings ni ó ti bí Samuel ní 1846. Ní 1858 ó kó ìdílé rẹ̀ wá sí Ìbàdàn láti bá Àlùfáà David Hinderer ṣiṣẹ́ ní Kúdẹtì. Ìbàdàn yìí ni Samuel ti dàgbà, tí ó ti ṣe olùkọ́, tí ó sì ti ṣe ìtọ́jú ìjọ Arẹ̀mọ, kí ó tó lọ ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́, níbi tí ó ti kú ní 1901.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí orúkọ náà ṣe. Ọmọ-ọmọ ọba ni baba yìí, ṣùgbọ́n kò sí Abíọ́dún nínú Johnson, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Ọ̀yọ́ nínú rẹ̀. Ó pe ènìyàn ní ọmọ John, kò sì sí John kan tí ó bí i. Ó tún da àwọn tí kò bára tan pọ̀ mọ́ ara wọn. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson, tí ó ṣe àlùfáà ìjọ Breadfruit ní Èkó, Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú ni àwọn òbí rẹ̀ ti wá. George William Johnson, tí ó gbajúmọ̀ nínú ìjọba Ẹ̀gbá ní Abẹ́òkúta láti 1865, ìdílé mìíràn ni. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ka orúkọ àwọn mẹ́ta yìí nínú ìwé kan náà lè rò pé ọmọ baba kan ni wọ́n.

Nínú ìwé ìtàn rẹ̀, Samuel Johnson ya orí kan sọ́tọ̀ fún orúkọ. Ó pín orúkọ ọmọ sí ọ̀nà mẹ́ta: àmútọ̀runwá, àbísọ àti oríkì, ó sì sọ̀rọ̀ nípa orílẹ̀ pẹ̀lú, irú bí Erin, Òpó àti Ọ̀kín, tí a fi ń mọ ibi tí ìdílé ti ṣẹ̀. Iṣẹ́ dáradára ni orí yìí, nítorí pé kò kàn to orúkọ jọ lásán. Ó sọ ìdí tí a fi ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òun fúnra rẹ̀ ni ó fún wa ní òṣùwọ̀n. Ẹ jẹ́ kí a fi í wọn orúkọ tirẹ̀. Johnson kì í ṣe àmútọ̀runwá, nítorí pé ọmọ kan kò mú àmì rẹ̀ wá láti inú ìyá. Kì í ṣe àbísọ, nítorí pé a kò wo ilé kí a tó sọ ọ́. Kì í ṣe oríkì, nítorí pé ìyá tí ń ké ọmọ rẹ̀ ní Àkànní tàbí Àjọkẹ́ kò ní fi Johnson ké e. Kì í sì í ṣe orílẹ̀, nítorí pé àwọn tí ń jẹ́ ẹ kò ní orísun kan náà. Ẹ̀ya mìíràn ni, èyí tí mo fẹ́ pè ní orúkọ àkọsílẹ̀. Ìwé ni ó bí i, ìwé ni ó sì ń gbé e ró.

Lórí irú orúkọ yìí, èrò méjì ni mo ń gbọ́, n kò sì lè gba èyíkéyìí nínú wọn tán. Àwọn kan ní ẹni tí ó bá ń jẹ́ orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ti kọ ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń tọ́ka sí William James Davies, tí ó di Orishatukeh Faduma ní 1887, àti David Brown Vincent, tí ó di Mojola Agbebi ní 1894. Iṣẹ́ akọni ni àwọn méjèèjì ṣe. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé rẹ̀, Samuel Johnson sọ pé òun kọ ọ́ kí ìtàn àwọn baba wa má bàa parun bí àwọn àgbà ti ń kú lọ, nígbà tí àwọn tí ó kàwé láàrin wa mọ ìtàn Gẹ̀ẹ́sì, ti Róòmù àti ti Gíríìkì, tí wọn kò mọ ti ara wọn. Ó parí iṣẹ́ náà ní 1897. Ìwé tí ó kọ sọnù lọ́wọ́ àwọn tí a fi rán sí ní òkè òkun, àbúrò rẹ̀, Oníṣègùn Obadiah Johnson, sì ní láti tún un kọ láti inú àwọn àkọsílẹ̀ tí ó kù. Ta ni yóò wí pé àwọn wọ̀nyí kọ ilẹ̀ baba wọn? Àwọn mìíràn ẹ̀wẹ̀ rò pé orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ onígbàgbọ́. Èyí náà kò tọ̀nà. Olè ń jẹ́ Johnson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, olóòótọ́ sì ń jẹ́ ẹ. Ohun tí ó jẹ́ ti ìgbàgbọ́ nínú rẹ̀ ni oore-ọ̀fẹ́ Olúwa, Oreolúwa sì ti sọ èyí ní èdè tí ìyá ọmọ gbọ́. Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson fúnra rẹ̀ gba àwọn ènìyàn níyànjú láti fi orúkọ ilẹ̀ wa ṣe ìsàmì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Johnson ni ó jẹ́ títí ó fi kú ní 1917.

Kò yẹ kí a rò pé ọ̀rọ̀ yìí ti tán pẹ̀lú àwọn Sàró. Ní àárín ìlú Ìbàdàn, ní Ọjà'ba, ní Bẹẹrẹ, ní Oníyanrìn, agbo ilé ni a fi ń mọ ènìyàn. Bí àgbàlagbà kan bá fẹ́ mọ ọmọ tí ó kí i, yóò bi í pé, "Ọmọ ilé ta ni ọ́?" Oníyanrìn gan-an, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ẹni tí ó ní yanrìn, orúkọ ibùgbé ni, àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ní orúkọ ìdílé tí ń jẹ́ Sands, láti ara ilẹ̀ oníyanrìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá dé ilé-ẹ̀kọ́, ìbéèrè yí padà: olùkọ́ fẹ́ orúkọ ìdílé tí yóò kọ sínú ìwé. Ẹ̀gbọ́n lè dárúkọ baba, àbúrò lè dárúkọ baba-ńlá, ẹ̀kẹta sì lè dárúkọ agbo ilé. Bí a bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ọmọ baba kan náà di ìdílé mẹ́ta nínú ìwé, àwọn ọmọ wọn lè má mọ̀ lọ́jọ́ iwájú pé ìbátan ni wọ́n, débi pé wọ́n lè máa fẹ́ ara wọn. Ohun tí ó gba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan, ọ̀sán kan ni kálàmù olùkọ́ fi ń ṣe é.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ìwé orúkọ. Ẹ pe baba tàbí ìyá ọmọ, ẹ bi wọ́n ní orúkọ tí ìdílé ti fi ohùn ṣọ̀kan lé lórí, kí ẹ sì kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Bí ọmọ bá ń jẹ́ Johnson, ẹ má ṣe bọ́ ọ lọ́rùn rẹ̀, nítorí pé àwọn baba rẹ̀ ti fi iṣẹ́ rere sọ ọ́ di tiwọn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ agbo ilé rẹ̀ àti orílẹ̀ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú, ẹ béèrè oríkì orílẹ̀ yín lọ́wọ́ ìyá àgbà nígbà tí ó ṣì wà láàyè. Samuel Johnson mọ̀ pé ìran Abíọ́dún ni òun, nítorí pé baba rẹ̀ gbé ìmọ̀ náà la Sàró já kò sì sọ ọ́ nù. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó bá baba rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ sí èbúté kan náà ni kò rí ẹni bá wọn kọ tiwọn sílẹ̀.