Ìṣẹ́jú Mẹ́ta Níwájú Ará Ìlú

Ní 2008 ni Yunifásítì Queensland ní ilẹ̀ Ọsirélíà dá ìdíje kan sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé. Ọ̀dá òjò ni ó mú un wá. Àìtó omi ti sọ àwọn ará ibẹ̀ di ẹni tí ń fi aago kékeré ka ìṣẹ́jú mẹ́ta nínú balùwẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà wò ó, ó sì rò ó pé bí ìṣẹ́jú mẹ́ta bá tó láti fi wẹ̀, ó yẹ kí ó tó láti fi sọ àbọ̀ ìwádìí. Òfin rẹ̀ kò pọ̀: ìṣẹ́jú mẹ́ta, àwòrán kan tí kò gbọdọ̀ mira, kò sí ohun-èlò lọ́wọ́, kò sí ewì, kò sí orin; àwọn tí kò mọ nǹkan nípa iṣẹ́ náà ni yóò sì gbọ́ ọ. Àwọn tí ń sọ Faransé ní Quebec gbà á ṣe ní 2012. Nígbà tí ó di 2019, Dakar ní ilẹ̀ Sẹ̀nẹ̀gà ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti oríṣiríṣi ilẹ̀ tí ń sọ Faransé ti pàdé fún àṣekágbá.

Kò sí àní-àní pé ìdíje náà ní ìwúlò. Ìwé àpilẹ̀kọ tí ó ní 80,000 ọ̀rọ̀ yóò gba nǹkan bí wákàtí mẹ́sàn-án kí ènìyàn tó sọ ọ́ tán. Ẹni tí kò mọ kókó iṣẹ́ rẹ̀ kò lè gé e dé ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ibi tí àríwísí wà ni ọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ń gbọ́.

Láàárín Adó-Èkìtì, Ìwọ́rọ̀kó àti Ọ̀yẹ́, ènìyàn kò lè rìn jìnnà kí ó tó kan ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkìtì ti bẹ̀rẹ̀ láti 1982, ti Afẹ́ Babalọlá tẹ̀ lé e ní 2009, ti Ìjọba Àpapọ̀ ní Ọ̀yẹ́ sì dé ní 2011. Inú oko àti ọjà agbègbè náà ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kó ohun tí ó ń wádìí. Inú gbọ̀ngàn ni ó ti ń sọ àbọ̀ rẹ̀, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bí amòfin bá gbọ́ ọ̀rọ̀ onímọ̀ ọ̀gbìn nínú irú gbọ̀ngàn bẹ́ẹ̀, a kò tíì lè ní ará ìlú gbọ́.

Gàrí tó fi ṣe àpẹẹrẹ. Gbágùúdá ní èròjà kan nínú tí ń di májèlé sáyánáìdì nígbà tí wọ́n bá rin ín. Bí ó ti ń kan nínú àpò, bí wọ́n ti ń fún omi rẹ̀, tí wọ́n sì ń yan án lórí iná, ni májèlé náà ń dínkù. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá wádìí èyí lè dúró lórí pèpéle, kí ó sọ bí òun ti díwọ̀n ìdínkù náà ní wákàtí-wákàtí, kí àwọn adájọ́ sì fún un ní ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbé ọ̀rọ̀ kan náà lọ sí ibi tí àwọn obìnrin ti ń yan gàrí, ohun àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ ni pé: “Ọjọ́ mélòó ni kí ó lò nínú àpò, ọmọ mi?” Bí ó bá ní mẹ́ta, wọn yóò bi í bóyá ti ìgbà ooru ni tàbí ti ìgbà ọyẹ́, nítorí pé kíkan rẹ̀ kì í yá bákan náà. Yèyé kan yóò ní òun kì í ka ọjọ́ rárá, imú àti ahọ́n ni òun fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹlòmíràn yóò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò fẹ́ sọ, pé nígbà tí gàrí bá wọ́n lọ́jà, àwọn kan kì í jẹ́ kí ó ju ọjọ́ kan lọ. Ẹni tí yóò jẹ gàrí ọjọ́ kan yẹn ni ìwádìí náà wà fún. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá rí ìdáhùn fún àwọn obìnrin wọ̀nyí, iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ti fi oyè dá a lọ́lá.

Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Nínú ìwé ìjálá tí Adébóyè Babalọlá tẹ̀ jáde ní 1966, ó ṣàlàyé bí onìjálá ti ń sun ìjálá níṣojú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí ó bá ṣi oríkì kan pè, ẹlòmíràn yóò dá a dúró lójú agbo, yóò tún un ṣe, òun náà sì lè kọ̀, kí ó ní bí ọ̀gá òun ti kọ́ òun nìyẹn. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ta ti Queensland, ẹnu kan ṣoṣo ni ń sọ̀rọ̀. Òfin tí ó lé ewì àti orin jáde sì lè bá àwọn ará ibẹ̀ lára mu. Ní Èkìtì, ẹni tí ó bá ń bá àgbà sọ̀rọ̀ láìjúbà, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi máa wo ojú ọ̀nà.

Àwọn kan yóò ní èdè Yorùbá kò ní ọ̀rọ̀ tí ó tó fún irú ìmọ̀ yìí. Ní 1970 ni Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ti ìṣirò ti sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà kò sì rẹ̀yìn sí àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Òótọ́ ni pé ìwé èdè-ìperí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, ti èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni ni ó wà fún. Onísáyẹ́ǹsì ní láti wá ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹnu àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà ni yóò ti bá púpọ̀ nínú wọn, kì í sì í ṣe ní Yorùbá ìwé nìkan: ilẹ̀ tí ń pe ilé ní ulé, tí ń pe iṣu ní uṣu, ẹ̀rín ni yóò fi dáhùn bí ọmọ tí wọ́n bí ní Ìgèdè bá ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́ èdè ìyá rẹ̀ mọ́.

Bí irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ bá wáyé ní Ọjà Ọba ní Adó, kí wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ láyè láti mú gbágùúdá dání. Ìṣẹ́jú mẹ́ta tó fún òun. Àwọn yèyé ni yóò nílò wákàtí kan.