Ta Ló Ní Kò Séèyàn Níbẹ̀?

Ẹ má bínú sí mi lónìí, torí àròkọ wa ni mo fẹ́ tú palẹ̀. Ara mi ni n ó sì kọ́kọ́ nà.

Lẹ́yìn tí a ti Tarkwa Bay dé, àwa márùn-ún la kọ àròkọ nípa ìrìn-àjò náà. Mo kó márààrún jọ, mo kà wọ́n ní yàrá mi ní Ìkòtún lálẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ. Kí ni mo rí? Iyanrìn, igi àgbọn, ìgbì òkun, oòrùn tó ń wọ̀. Èmi fúnra mi kọ ọ́ pé Ọlọ́run ló dá ibẹ̀ sílẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ò kàn án. Gbólóhùn yẹn dùn létí, ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi ní ìpàdé. Àmọ́ irọ́ ni.

Ọwọ́ ènìyàn kàn án dáadáa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, nígbà tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ kí ọkọ̀ ńlá máa wọ èbúté Èkó, wọ́n to òkúta wọ inú òkun lápá méjèèjì ẹnu ọ̀nà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti fọ́ òkúta náà, rélùwéè ló gbé e wá. Ẹ̀yìn òkúta wọ̀nyẹn ni omi Tarkwa Bay fara pamọ́ sí, òun ló fi pa rọ́rọ́ tí àwa tí ò mọ̀wẹ̀ fi lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n iyanrìn tí òkun ń wọ́ bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn kọlu òkúta, ó dúró síbẹ̀. Bar Beach tó wà ní ìlà oòrùn ò rí iyanrìn gbà tó mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀, títí wọ́n fi wá kó iyanrìn dí ibẹ̀ láti kọ́ Eko Atlantic. Ẹwà tí à ń yìn lápá kan, gbèsè rẹ̀ wà lápá kejì. Èwo nínú àròkọ wa ló sọ ìyẹn?

Ká ní àlejò kan wá sí Alímọ̀ṣọ́ wa níbí, tó rí òkìtì ìdọ̀tí Sólúùsì ní Ìgàndò lọ́ọ̀ọ́kán, tó wá kọ ọ́ pé òkè ẹlẹ́wà tí Ọlọ́run dá ni ńkọ́? Ẹ̀rín la máa fi í rín! Àwa tí à ń gbabẹ̀ kọjá mọ òórùn rẹ̀, a sì mọ àwọn tó ń ṣa irin àti ike níbẹ̀ jẹun. Àlejò lójú, kò fi ríran. Bí àwa náà ṣe rí ní Tarkwa Bay nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ náà sì kọjá ẹ̀rín. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùgbé Tarkwa Bay kúrò nílé. Wọ́n ní àwọn kan ń fọ́ páìpù epo níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi pátákó gun ìgbì, tí gbogbo wa ń yà fọ́tò wọn, wà lára àwọn tí ò rílé sùn. Mi ò sọ pé àròkọ ló lé wọn o. Ohun tí mò ń sọ ni pé, ibi tí òǹkọ̀wé bá ti kọ ọ́ pé kò séèyàn, ta ni yóò béèrè wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá lé wọn?

Ẹ lè ní àròkọ fàájì lásán ni. Ó dáa, ẹ kọ fàájì. Ṣùgbọ́n ẹ padà wo àròkọ kejì nínú márùn-ún yẹn. Ìyá tó ta ẹja díndín fún wa yọjú, ó ní ká má wọ omi jìnnà, ó sì lọ. Gbólóhùn méjì péré ni. Síbẹ̀, òun nìkan ni mo rántí nígbà tí mo pa àbẹ́là, torí ó mọ omi yẹn, ó sì ń gbé nǹkan kan níbẹ̀ tó lè sọnù. Oòrùn wíwọ̀ tèmi ò ní nǹkan kan tó lè sọnù.

Mo ti fa igi lé gbólóhùn mi yẹn. Mò ń tún un kọ, ìyá ẹlẹ́ja ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà, ẹ gbé tiyín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀.