Ohun Tí Ìyáàfin Falconbridge Rí Lójú Fèrèsé

N kò tíì rí òkun rí. Omi tí mo mọ̀ kò ju odò tó ń ṣàn kọjá ní Ajíbọ́dẹ níbí lọ, àti èyí tí à ń fà nínú kànga. Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí oníkálukú ka ìwé ìrìn-àjò kan, kí ó sì sọ bí ó ṣe rí i, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá mi wá èyí tí tọkọtaya kan ti ń fi ọkọ̀ ìgbòkun rìn káàkiri etíkun ilẹ̀ olóoru. Mo ti ń fojú inú wo ẹja yíyan, atẹ́gùn tútù àti oòrùn tó ń wọ̀ sínú omi. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín. Ìwé tí wọ́n bá mi tẹ̀ láti orí kọ̀ǹpútà, tí wọ́n sì fi okùn dì pọ̀, ni Two Voyages to Sierra Leone. Anna Maria Falconbridge ló kọ ọ́, ó jáde ní London ní ọdún 1794. Lẹ́tà ni gbogbo rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi kà á pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ayé àtijọ́ le bí eegun.

Ọmọ Bristol ni ìyáàfin yìí. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tó fẹ́ Alexander Falconbridge ní 1788, àwọn èèyàn rẹ̀ kò sì fara mọ́ ọn. Iṣẹ́ dókítà ni ọkọ rẹ̀ ti ṣe nínú àwọn ọkọ̀ tó ń kó ẹrú kúrò ní etíkun Áfíríkà. Ohun tí ojú rẹ̀ rí níbẹ̀ ló mú kó kẹ̀yìn sí òwò náà, ní 1788 yẹn kan náà ló sì tẹ ìwé jáde láti tú àṣírí rẹ̀. Ní 1791, kọ́ḿpánì kan tó fẹ́ dá ìlú àwọn òmìnira sílẹ̀ ní Sàró rán an níṣẹ́. Àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kó láti London lọ síbẹ̀ ní 1787 ti fọ́n ká, iná ti jó ìlú wọn. Òun ni kí ó lọ kó wọn jọ padà, kí ó sì bá Ọba Naimbanna sọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ìyàwó bá a lọ. Ọkọ̀ tó gbé wọn dé ibẹ̀, ọkọ̀ oníṣòwò ẹrú ni. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ibẹ̀ kí n tó gbà á gbọ́.

Lapwing lorúkọ ọkọ̀ ìgbòkun kékeré tí kọ́ḿpánì yà sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà ní Sàró. Ó dúró nítòsí Erékùṣù Bance, níbi tí àwọn oníṣòwò ẹrú kọ́ ilé ńlá sí. Àwọn ará ibẹ̀ ní kí tọkọtaya náà wá wọ̀ sọ́dọ̀ àwọn. Ọkọ kò gbà. Inú Lapwing ni ìyàwó rẹ̀ yóò máa sùn.

Lẹ́tà tó kọ nípa yàrá inú ọkọ̀ yìí ló dára jù nínú gbogbo ìwé náà. Ó ní àyè kò sí láti rìn, bẹ́ẹ̀ ni kò sí láti na ara. Òjò àti oòrùn ń bá a wí. Òórùn ń kọlu imú rẹ̀, àwọn atukọ̀ ń sọ ọ̀rọ̀ rírùn sétí rẹ̀, ọkọ sì ń bínú tó bá ní òun fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ sí orí ilẹ̀. Ó fi ọkọ̀ náà wé àgò ẹyẹ tó léfòó lórí omi. Lẹ́yìn tó ti ráhùn tán, ó ní kí ọ̀gá ọkọ̀ fi ọtí kíkan fọ yàrá náà mọ́. Mo fẹ́ràn ibẹ̀ yẹn. Obìnrin tó ti sunkún tó sì tún béèrè ohun tí wọ́n fi ń fọ ilẹ̀, mo mọ irú rẹ̀.

Inú yàrá kan ṣoṣo ni àwa márùn-ún ń gbé kí bàbá mi tó kọ́ ilé, mo sì mọ bí ọ̀rọ̀ kékeré ṣe ń di ńlá níbi tó há. Ṣùgbọ́n ìta wà. Bí tọkọtaya bá ń jà ní àdúgbò wa, ìyàwó á gbé àpótí síta, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, á máa ṣa ẹ̀wà tí kò ní òkúta nínú. Ìyá onílé á kọjá, wọ́n á bi í pé kí ló dé. Kó tó di alẹ́, àgbàlagbà kan á ti kan ilẹ̀kùn. Ní ti Lapwing, omi ni ìta. Kò sí ìyá onílé, kò sí ẹni tó lè pe ọkọ sí kọ̀rọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé àwọn lẹ́tà náà ni ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀.

Ẹ̀gbẹ́ kan náà ni ìwé yìí sì ti jìn sí kòtò. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìyáàfin Falconbridge kò jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ àfi tó bá ń pariwo tàbí tó ti mutí. Ojú rẹ̀ mú fún ohun tó lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó lọ kí Ọba Naimbanna, ó rí i pé ìbọ̀sẹ̀ ọba ti lu, pé awọ dúdú ń yọ lójú ihò, ó sì kọ ọ́ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lè rẹ́rìn-ín. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí mo dé ọ̀rọ̀ fèrèsé ni ẹ̀rín yẹn korò lẹ́nu mi.

Ọ̀rọ̀ fèrèsé náà rèé. Wọ́n wà nílé àwọn oníṣòwò ní Bance. Ó ṣèèṣì gbójú síta. Àgbàlá tí wọ́n ń kó ẹrú sí ló wà nísàlẹ̀. Ó rí èèyàn tó ju 200 lọ, tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè, tí wọ́n pín sí agbo-agbo, tí ọpọ́n ìrẹsì kan wà láàárín agbo kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n sì ń jẹun. Ẹnu yà á, àánú ṣe é. Kí ló wá ṣe? Ó ní láti ìgbà náà lọ òun kò wo apá ibẹ̀ mọ́.

Olùkọ́ wa sọ pé olóòótọ́ ni, nítorí kò sẹ́ni tó fipá mú un jẹ́wọ́ pé òun gbójú kúrò. Mo gbà pẹ̀lú wọn dé ìdajì. Òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n kò jọ pé ó mọ̀ pé òótọ́ náà dá òun lẹ́bi. Ẹni tó ka ihò ìbọ̀sẹ̀ ọba, tó ṣàlàyé yàrá tó há mọ́ òun nìkan, gbólóhùn mélòó kan péré ló fún agbo àwọn tí wọ́n fi ẹ̀wọ̀n dè. Àgò tirẹ̀ bò ó lójú tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rí i pé àgò mìíràn wà nítòsí, tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ kò ní í ṣí.

Ẹni tó bá fẹ́ ka ìwé yìí dáadáa, kó ka ti ọkọ mọ́ ọn: An Account of the Slave Trade on the Coast of Africa, èyí tó kọ ní 1788. Kò ní ẹ̀rín nínú, ọwọ́ rẹ̀ kò sì yá bíi ti ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́ ọkọ̀ ló ti ń sọ̀rọ̀. Ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò ráyè yí ẹ̀gbẹ́, ooru, ìgbẹ́ ọ̀rìn tó kún ilẹ̀, àti bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ dákú nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ lọ tọ́jú wọn. Ọkọ mọ abẹ́ ọkọ̀, ìyàwó mọ yàrá. Inú ọkọ̀ kan náà ni wọ́n jọ wà fún oṣù bíi mélòó kan, síbẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ n kò rí ibi tí wọ́n ti jókòó sọ̀rọ̀ lórí ohun tí kálukú mọ̀. Ìyẹn dùn mí ju ìjà wọn lọ.

Ìyókù kò gba àkókò. Wọ́n fi Lapwing padà sí Ìlú Ọba ní 1791, wọ́n mú ọmọ Ọba Naimbanna dání; wọ́n tún lọ sí Sàró. Kọ́ḿpánì lé ọkọ kúrò níṣẹ́, ọtí sì pa á ní oṣù Kejìlá 1792. Kò tó oṣù kan tí ìyàwó fi fẹ́ ẹlòmíràn. (Kíláàsì wa pariwo níbẹ̀, èmi ò pariwo, mo ti ka ọ̀rọ̀ àgò ẹyẹ.) Ní 1793 ó gba Jamaica padà sílé nínú ọkọ̀ ẹrú kan tó ń jẹ́ Alexander, orúkọ ọkọ rẹ̀ tó kú gan-an. Ó ní wọ́n tọ́jú àwọn ẹrú inú rẹ̀ dáadáa, òwò náà kò sì burú lójú òun mọ́. Kọ́ḿpánì tó lòdì sí òwò ẹrú kò tíì san owó ọkọ rẹ̀ fún un, inú ń bí i sí wọn, ìbínú náà sì wọnú ìdájọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni ìwé náà ti já mi kulẹ̀ pátápátá.

Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbé ọmọdékùnrin kan tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹrú sọ̀ kalẹ̀ ní Freetown. Àjàyí ni, ọmọ Òṣogùn, tó wá di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ní 1837 ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ bí wọ́n ṣe fi ẹ̀wọ̀n kan so àgbà àti ọmọdé pọ̀ lọ́rùn ní Èkó, àti bí ó ṣe ń ni àwọn ọmọdé lára jù. Ẹni tó wà nínú agbo ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ojú ìwé díẹ̀ péré ni, mo sì fẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ tó bá máa fún ọmọ ní ti Ìyáàfin Falconbridge fún un ní tirẹ̀ náà lọ́jọ́ kan náà.

Mo sọ ìtàn fèrèsé yẹn fún màámi níbi tí wọ́n ti ń ro àmàlà. Wọn ò sọ nǹkan kan títí wọ́n fi sọ omorogùn kalẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ta ló se ìrẹsì náà?" Mo padà lọ sí ojú ìwé yẹn, mo tún un kà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò sọ.